Ẹsẹ̀ Àtọwọ́dá Méjì Tí Mo Ní Kí Wọ́n Gé

Ẹni tó bá ní kí n sọ bí Màídúgùrì ṣe rí, ṣe ló fẹ́ dà mí láàmú. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń gbé ibẹ̀, mi ò sì tíì mọ ibi tó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí mò ń kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo ẹni tó wá dágbére fún mi ló ń ṣe bí ẹni tó wá síbi òkú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tilẹ̀ gbàdúrà títí, ó wá fi ẹkún parí rẹ̀. Mo dé ibẹ̀, mo bá àwọn èèyàn tí wọ́n ń ra àlùbọ́sà, tí wọ́n ń ná ọjà, tí wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Sọ́jà dúró sí oríta pẹ̀lú ìbọn, ìyàwó tuntun jókòó sínú kẹ̀kẹ́ Napep tó ń kọjá níwájú rẹ̀, làálì kún ọwọ́ ìyàwó náà dé ìgbọ̀nwọ́. Èwo ni kí n gbà gbọ́ nínú méjèèjì? Tí mo bá ní kí ẹ̀rù má bà mí, màá rántí àwọn tó sunkún nítorí mi nílé. Tí mo bá ní kí ẹ̀rù bà mí, màá rí i pé èmi nìkan ni ẹ̀rù ń bà ní gbogbo àdúgbò.

Ooru ibẹ̀ tún wà lọ́tọ̀. Nínú oṣù kẹrin ni mo bu omi ẹ̀rọ sí gàrí pé kí n fi pa òùngbẹ, díẹ̀ ló kù kí gàrí náà di ẹ̀bà mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ń wò ó bọ̀ọ̀.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni Màámi máa ń pè mí, lójoojúmọ́, bí ẹni tó ń lo oògùn.

"Ìró kí ni mò ń gbọ́ yẹn?"

"Jẹnẹrétọ̀ ni, Màámi."

"Ó dá ọ lójú pé jẹnẹrétọ̀ ni?"

"Mo ń wò ó báyìí."

"Jìnnà sí i."

Iṣẹ́ tí mo bá lọ gan-an ò ṣeé ṣàlàyé fún un. Ilé iṣẹ́ kékeré kan wà lọ́nà Jiddari Polo tí wọ́n ti ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá fún àwọn tí bọ́ǹbù tàbí ọta ìbọn ti gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Málàámù Búkàr, àgbàlagbà Kànúrí kan tí kì í pariwo, ló ń ṣe àwọn ẹsẹ̀ náà. Páìpù álúmínọ̀mù ni egungun rẹ̀, rọ́bà ni àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n á sì yọ́ ike sí òkè rẹ̀ tí ibi tí ẹsẹ̀ onítọ̀hún kù sí á lè wọ̀. Kí n tó dé, ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ wọ̀nyí ti ṣẹ́ mọ́ obìnrin kan nídìí láàárín títì. Páìpù náà ti sán láti inú, ojú ò sì rí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wá ẹ̀rọ lésà, tí wọ́n sì wá èmi tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Lésà kan á tan iná sára páìpù. Iná náà kì í dúró sójú kan, ó ń ṣẹ́jú lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó ṣe ń ṣẹ́jú ni ojú ibi tó bà ń gbóná tó tún ń tutù, tó ń wú tó tún ń sún kì. Gbígbọ̀n yẹn á di ìró, ìró náà á sì sáré gba inú páìpù lọ. Etí èèyàn ò lè gbọ́ ọ. Lésà kejì ló ń bá wa gbọ́ ọ: iná tirẹ̀ á kan ara páìpù, á padà sẹ́yìn, tí páìpù bá gbọ̀n pẹ́nrẹ́n, iná náà á gbọ̀n tẹ̀lé e, kọ̀ǹpútà á sì fà á jáde bí ìlà. Tí páìpù bá pé, ìlà náà á máa lọ geere. Tó bá sán níbì kan, ìró á kọlu ibẹ̀, á ṣẹ́rí padà, ìlà á sì rí págunpàgun. Ohunkóhun ò fọwọ́ kan páìpù náà àfi iná.

Mo gbìyànjú láti sọ eléyìí fún Màámi. Ó ní, "Ṣé pé o tan iná sára irin, irin sọ̀rọ̀, o wá fi iná mìíràn gbọ́ ọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ò ń rí oorun sùn?"

Yàgáná ni èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ wà nínú yàrá lésà, ọmọbìnrin Kànúrí tí èmi àti ẹ̀ jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Inú agbo ilé wọn ní Wúlàrí ló ti bá mi gba yàrá. Lẹ́yìn iṣẹ́, gbogbo wọn á tẹ́ ẹní síta, wọ́n á máa sọ Kànúrí. Tí wọ́n bá rí mi, wọ́n á yí i sí Hausa nítorí tèmi, Hausa tí mi ò gbọ́ náà nìyẹn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín. Mo wà láàárín èèyàn bí ogún, mo sì dá wà débi pé tí mo bá wọ yàrá tán, mo máa ń sọ Yorùbá sókè fún ara mi kí ẹnu mi má baà gbàgbé.

Lọ́jọ́ kan, Yàgáná kan ilẹ̀kùn mi pẹ̀lú ìkòkò kékeré kan tí ẹyín iná wà nínú rẹ̀, èéfín tó ń ta sánsán ń jáde níbẹ̀. Tùràrí ni, irú èyí tí wọ́n ń fi igi olóòórùn dídùn ṣe, tí wọ́n rẹ sínú òróró. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ń fi èéfín rẹ̀ ṣe yàrá, wọ́n ń fi ṣe aṣọ, wọ́n ń fi ṣe irun orí. Àlejò tí wọn ò bá fi tùràrí kí, wọn ò tíì kí i nìyẹn. Yàgáná gba ìró àti ìborùn mi, ó nà wọ́n sórí èéfín náà títí ó fi wọ̀ wọ́n lára, ó dá wọn padà fún mi. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún mi pé mo ti ń ta sánsán bí ọmọ ilé báyìí. Mo sunkún lẹ́yìn tó lọ, mo sì sùn fọnfọn lọ́jọ́ náà.

Èmi ni mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kó máa jó tùràrí náà nínú yàrá lésà láràárọ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òórùn ike tí wọ́n ń yọ́ ní yàrá kejì ń fẹ́ pa mí, fèrèsé ò sì ṣeé ṣí nítorí eruku. Yàgáná bi mí bóyá kò ní ṣe ẹ̀rọ ní nǹkan kan. Mo ní kí ló kan ẹ̀rọ nínú òórùn? Ṣé ẹ̀rọ nímú ni?

Kò pẹ́ sígbà náà ni Sájẹ́ǹtì Làmídì dé. Ọmọ Ìlá ni, bárékè ló ń gbé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì ti lọ láti ìsàlẹ̀ orúnkún, ọdún méjì sẹ́yìn. Mo kí i ní Gẹ̀ẹ́sì, ó wò mí, ó ní, "Àbúrò, fi Gẹ̀ẹ́sì yẹn sílẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ lo ti wá." Inú mi dùn débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀.

Bí Málàámù Búkàr ṣe ń wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ fún mi. "Ìyá mi ò mọ̀," ni ó wí. "Látìgbà tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tí mò ń sọ fún un ni pé wọn ò fún wa láyè. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àyà rẹ̀ ò sì le mọ́. Wọ́n ti fún mi ní ìsinmi báyìí, tí a bá ti túnu ààwẹ̀ tán ni mò ń lọ. Mo fẹ́ wọ ṣòkòtò gígùn, kí n fẹsẹ̀ ara mi rìn wọlé, kí n dọ̀bálẹ̀ fún un, kí n dìde fúnra mi. Kó má mọ̀ títí tí n ó fi padà. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́."

Nígbà tí ẹsẹ̀ náà parí, a gbé e síwájú lésà. Ìlà rẹ̀ rí págunpàgun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo tún un wò lẹ́ẹ̀mejì, bákan náà. Mo lọ sọ fún Málàámù Búkàr pé páìpù náà ti sán.

Wọ́n ní àṣà kan níbẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ẹ̀rọ bá kọ̀, wọ́n á fi ayùn gé e sí méjì lójú ẹni tó ni ín, nítorí ẹnì kan ti fìgbà kan rí fọgbọ́n gbé èyí tí wọ́n kọ̀ lọ sílé, ó sì fi í rìn. Málàámù Búkàr gé e. Ó gbé ojú ibi tó gé sí ìmọ́lẹ̀, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. "Ban ga komai ba," ni ó wí. Òun ò rí nǹkan kan.

Mo ní, "Ojú ò lè rí i, Málàámù. Ẹ̀rọ ló rí i."

Sájẹ́ǹtì ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti di méjì nílẹ̀. Ó dé fìlà rẹ̀, ó mú ọ̀pá méjèèjì sábẹ́ apá, ó ní Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Èmi pe Màámi kí aago mẹ́rin tó lù. Mo sọ fún un pé mo ti gba èèyàn là lónìí, pé iṣẹ́ mi ti ń wúlò. Bí mo ṣe ń yangàn nìyẹn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ̀rọ kọ ẹsẹ̀ mẹ́ta mìíràn. Málàámù Búkàr ò gé wọn. Ó to wọ́n jọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó jókòó síwájú wọn. Ó ní ibì kan náà ni òun ti ń ra páìpù láti ìgbà yìí wá, ọwọ́ kan náà ni òun fi ń ṣe é. Ó bi mí bóyá ọwọ́ òun ló ti ń gbọ̀n. Orí mi ti dàrú. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló tọ̀nà, a jẹ́ pé ọkùnrin yìí ti ń fi ẹsẹ̀ tó sán rán àwọn èèyàn sí títì lọ́jọ́ pípẹ́. Tó bá jẹ́ pé òun ló tọ̀nà, kí ni mo ṣe fún Sájẹ́ǹtì?

Mo ní páìpù kan tí mo mọ̀ dájú pé ó pé, òun ni mo fi ń dán ẹ̀rọ wò. Ní Sátidé tí Yàgáná ò wá, mo lọ dán an wò, ìlà rẹ̀ ń lọ geere. Ní Mọ́ńdè, páìpù kan náà, ìlà rẹ̀ gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Mo tú ẹ̀rọ náà, mo nu gíláàsì rẹ̀, mo tún un dè, mo sì bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ọkọ. Pàbó. Ibi tí mo ti ń wo kọ̀ǹpútà bíi sùẹ̀gbẹ̀ ni Yàgáná ti gbé ìkòkò tùràrí kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ìlà orí kọ̀ǹpútà sì ya wèrè.

Mo ní, "Dúró. Padà sẹ́yìn." Ìlà náà tún ya wèrè. Mo ní kó gbé ìkòkò náà jáde. A ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, eruku tó bá fẹ́ kó wọlé. Nígbà tó ṣe, ìlà fara balẹ̀. "Gbé e wọlé." Ó tún bẹ̀rẹ̀.

Iná lésà ò mọ̀ pé páìpù la rán an sí. Èéfín tó bá wà lọ́nà, ó ń gbóná, ó ń tutù, ó ń dá ìró tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì tún ń mú kí iná kejì máa gbọ̀n. Kò dìgbà tí ojú bá rí èéfín náà. Nínú yàrá tí a tì pa nítorí eruku, kíún tó kù nínú afẹ́fẹ́ ti tó láti ba iṣẹ́ ọjọ́ kan jẹ́. Gbogbo ohun tí mo ti ń pè ní irin tó sán láti ọjọ́ yìí, tùràrí ni.

Yàgáná jókòó sílẹ̀. "Ni ce?" ó bi mí, ṣé òun ni? Mo ní rárá, èmi ni. Ó béèrè lọ́wọ́ mi kí ó tó bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo sọ fún Málàámù Búkàr. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ní "Alhamdulillahi," ó lọ wá páìpù mìíràn láti bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ̀ tuntun fún Sájẹ́ǹtì. Ìyẹn gan-an ló dùn mí. Mo rò pé yóò bú mi.

Mo lọ sí bárékè fúnra mi. Sájẹ́ǹtì jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ṣé pé òórùn dídùn ló gé mi lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì." Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dìde, àbúrò. Ìgbà tí ti àkọ́kọ́ lọ, ẹnì kankan ò wá bẹ̀ mí."

Àsìkò yẹn ni mo ń lọ sí ọjà Gamboru lọ ra èlùbọ́ lọ́wọ́ Alhaji kan tí bàbá bàbá rẹ̀ kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Yorùbá tirẹ̀ jinlẹ̀ ju tèmi lọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbọ́ ọ, Hausa ni wọ́n sì fi ń dáhùn. Mo bi í pé ìgbà wo ló ń lọ sílé. Ó ní, "Ilé wo? Nígbà tí ìbọn ń dún níbí, èmi kọ́ ni mo sá." Lẹ́yìn náà ló wá ní kí n bá òun wo fóònù òun, kí n wo fọ́tò ilé tí òun ń kọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àjò kì í dùn kónílé má relé, ni àwọn àgbà wí. Wọn ò sọ bí èèyàn ṣe ń mọ èyí tó jẹ́ ilé. Mo gbé èlùbọ́ mi, mo wọ kẹ̀kẹ́, mo sì gbọ́ tí ẹnu mi fi Hausa júwe Wúlàrí fún ẹni tó ń wà á, láìronú.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Sájẹ́ǹtì lọ sílé, ẹsẹ̀ tuntun dé iwájú lésà. Kò sí tùràrí, Yàgáná tilẹ̀ ti fọ aṣọ tó wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Páìpù tó pé, ìlà geere. Ẹsẹ̀ Sájẹ́ǹtì, ìlà geere láti ìsàlẹ̀, geere, geere, títí ó fi dé ìdí bóòtù òkè tó de páìpù mọ́ ike. Ibẹ̀ ni ìlà náà ti di págunpàgun.

Mo yí páìpù náà padà, ibì kan náà ni. Mo ní kí Yàgáná ṣe é, kí ọwọ́ mi má sí níbẹ̀, ibì kan náà ni. Yàgáná ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Ta ni yóò gbà mí gbọ́? Èmi fúnra mi ò gba ara mi gbọ́. Ó wá sí mi lọ́kàn kí n dákẹ́. Ó lè má ṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló fẹ́ lò nílé. Ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ ibi tó ti ń dìde lẹ́yìn tó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ni yóò ti ṣẹ́, lójú ìyá náà. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Mo sọ ọ́. Sájẹ́ǹtì wà níbẹ̀, ó ti mú ṣòkòtò tó fẹ́ wọ̀ dání. Málàámù Búkàr bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ bóyá tùràrí náà ni. Mo ní kò sí tùràrí.

Sájẹ́ǹtì ní, "Ó dá ẹ lójú?"

"Kò dá mi lójú, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí mo rí ni mo sọ."

"Ìgbà yẹn ńkọ́, ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú dáadáa."

Ó fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbé ayùn wá." Málàámù Búkàr ò fẹ́ gé e. Sájẹ́ǹtì gba ayùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó, ó de ẹsẹ̀ náà mọ́ tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gé e fúnra rẹ̀ níbi tí mo fi ìka tọ́ka sí. Òógùn bò ó. Bí mo ṣe ń wò ó, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ kó bá níbẹ̀. Tó bá sán, kò lẹ́sẹ̀ tí yóò gbé lọ sílé. Tí kò bá sán, mo ti bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Páìpù já. Málàámù Búkàr gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó fi èékánná wá a. Ìlà dúdú kan wà níbẹ̀ tó tín-ín-rín bí irun orí, ó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ihò bóòtù, ó ti lọ ju ìdajì páìpù lọ. Ó gbé e fún Sájẹ́ǹtì, Sájẹ́ǹtì gbé e fún mi. Kò sẹ́ni tó yọ̀. Yàgáná nìkan ló di ọwọ́ mi mú.

Páìpù mìíràn ò lè dé láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Sájẹ́ǹtì ká ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní tí òun bá sún ìrìn àjò náà síwájú, òun ò mọ̀ bóyá òun yóò bá ìyá òun láyé. Ó ní ó ti tó, òun yóò lọ bí òun ṣe wà. Ó lọ.

Ní ọjọ́ karùn-ún, fóònù mi dún. Sájẹ́ǹtì ni. Ó ní ẹnì kan fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ tí fóònù ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, mo sì gbọ́ ohùn ìyá àgbàlagbà.

"Ìwọ lo ni ẹ̀rọ oníná?"

"Èmi ni, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ má bínú sí mi."

"Bínú kẹ̀? Ó ní ìwọ lo ò jẹ́ kí òun fi irin yẹn wọlé." Ó mí. "Ọmọ mi yìí, láti ìgbà tó ti di sọ́jà, tó bá ń pè mí, kì í lè jókòó. Á máa rìn kiri, mo máa ń gbọ́ bàtà rẹ̀ títí a ó fi sọ̀rọ̀ tán. Ọdún méjì rèé tí mi ò gbọ́ bàtà náà mọ́. Mo ń dúró kó sọ fún mi ni."

Mo wá ọ̀rọ̀ títí, ní Yorùbá, ní Hausa tí mo ti kọ́. Ohun tí mo rí sọ kò ju, "Ẹ kú ìdúró, Mà."